Fáíbà fún ikọ́ fée: Ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí wọ́n fi ń ju oògùn nù

Látìgbà tí ilé-iṣẹ́ GSK ti kéde lóṣù kẹjọ, ọdún 2023, pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, ni owó oògùn àfàsímú táwọn tó ní ikọ́ fée ń lò ti gun òkè. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́ n'Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside kò ní í pẹ́ tẹ́tí sí ẹni tó bá ní ètù fáíbà inú ike lè rọ́pò rẹ̀.

Fáíbà ni apá oúnjẹ tí kì í dà nínú ikùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ló ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di èròjà tó ń bá ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ ní Switzerland fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn eku tó jẹ fáíbà púpọ̀ kò wú tó ti àwọn yòókù nígbà tí wọ́n fa ohun tí ara wọn kọ̀ símú. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn. Lọ́dún 2019, ìwádìí mìíràn jáde ní Ọsirélíà lórí ènìyàn 17 tó ní ikọ́ fée. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi lo gíráàmù 12 inulin, irú fáíbà kan, lójúmọ́. Ìyọnu àìsàn náà dínkù díẹ̀. Èyí dùn ún gbọ́, àmọ́ ènìyàn 17 àti ọjọ́ méje kéré jọjọ.

Bí ikọ́ fée bá ká ènìyàn mọ́ lóru, oògùn àfàsímú máa ń la ọ̀nà èémí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Fáíbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kò sì kúrú láti Abígí dé ilé-ìwòsàn ńlá OOUTH ní Ṣàgámù. Nọ́ńbà NAFDAC ara ike pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí pé ètù náà ń wo àìsàn.

Fáíbà ti wà nínú ẹ̀wà, àgbàdo, ewébẹ̀ àti ọsàn tí wọ́n ń tà lọ́jà; kò léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti jẹ wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fa eruku ilé ìlagi n'Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí èéfín ẹja yíyan létí omi, tó wá ń fowó ra ètù, ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Iṣẹ́ ìjọba ni láti rí i pé oògùn àfàsímú wà láwọn ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ní iye tí mẹ̀kúnnù lè rà.