Ọmọ Tó Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Omi

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí ọmọ yín ní Màkókó bá béèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹja fi ń pọ̀ nígbà kan, tí ó sì ń wọ́n nígbà mìíràn?", ẹ má ṣe lé e dànù. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti gbé ènìyàn dé òpin ayé rí.

Ní ọdún 1893, Fridtjof Nansen, ọmọ ilẹ̀ Norway, gbé ọkọ̀ Fram lọ sí òkun àríwá. Ìdí ọkọ̀ náà rí roboto, kí yìnyín má baà fọ́ ọ, kí ó kàn máa tì í sókè. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí yìnyín há a mọ́, kí ó máa gbé e lọ. Ọkọ̀ náà jáde ní 1896, àwọn 13 tó bá a lọ kò sì sí èyí tó kú. Wọ́n wọn òkun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé kò jìn, wọ́n rí i pé ó jìn ju 3,000 mítà lọ.

Nansen tún ṣàkíyèsí pé yìnyín kì í tẹ̀lé ọ̀nà atẹ́gùn gan-an. Apá ọ̀tún ni ó ń yà sí. Ekman, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi ìṣirò ṣàlàyé pé yíyí tí ayé ń yí ló fà á.

Kí ni èyí kan Màkókó? Ìmọ̀ yìí wà lára ohun tí a fi mọ ìdí tí omi tútù fi ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létí Gánà àti Ivory Coast, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Omi náà ń gbé oúnjẹ ẹja bọ̀ lókè, ṣáwá a sì pọ̀. Láti 1975 ni Norway ti ń rán ọkọ̀ ìwádìí tí a fi orúkọ Nansen sọ jáde. Ó ti wá wo ẹja inú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà, kí a lè mọ iye tí a lè pa tí kò fi ní tán.

Bí ẹja bá tán, ààrò àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Màkókó wà lára èyí tí yóò kọ́kọ́ tutù. Ìjọba wa náà dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun sílẹ̀ ní 1975, ní Victoria Island. Ta ni yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́la? Ọmọ tó ti ń tu ọkọ̀ láti kékeré ni ó yẹ. Ẹ kọ́ ọ ní ohun tí ẹ mọ̀ nípa omi, ẹ sì jẹ́ kí ó lọ sí ilé-ìwé. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní kí ó lọ wádìí rẹ̀ wá. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.