Jẹ́rìí, Ṣùgbọ́n Má Da Oògùn Nù

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ "Àmín" kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ẹ kà á tán, torí ojú ẹnì kan àti ẹsẹ̀ ẹnì kan wà nínú rẹ̀.

Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní neuromyelitis optica. Àwọn dókítà máa ń gé e kúrú sí NMO. Kò wọ́pọ̀ bí ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wa kò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti ń gbàdúrà fún aláìsàn ní ilẹ̀ wa. Ojú kan á máa dun èèyàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ kò ní fi ríran dáadáa mọ́. Tàbí kí ẹsẹ̀ méjèèjì kú, kí ìtọ̀ sì há. Òsúkè á máa ṣe àwọn míì, wọ́n á sì máa bì fún ọjọ́ púpọ̀ láìdá. Àwọn obìnrin ló ń bá jà jù, fíìfíì.

Kí là ń sọ tá a bá rí irú rẹ̀? "Wọ́n ti ta á lọ́fà." "Ó tẹ nǹkan ní oríta." "Àwọn ayé ló ń bá a jà." Kíá, ó ti di orí òkè àdúrà.

Àwa kò sọ pé ogun ayé kò sí o. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí, wọ́n ti rí ẹni tó ń jagun náà, inú ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ló wà. Ọlọ́run fi ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà. Ọ̀kan lára ohun ìjà wọn ni antibody. Nínú NMO, àwọn ọmọ ogun yìí ṣi ọ̀tá mọ̀. Antibody tí wọ́n ṣe á lọ kọlu ẹnu ọ̀nà omi kan tó wà lára àwọn ohun tíntìntín tó ń tọ́jú iṣan ojú àti iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n gbà sílé ló wá ń yìnbọn lu onílé. Dókítà ará Faransé kan, Eugène Devic, ti ṣàpèjúwe àìsàn yìí láti ọdún 1894, ṣùgbọ́n ọdún 2004 ni Vanda Lennon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kéde antibody náà. Ní báyìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè gbé e jáde.

Ẹ má sì rò pé àìsàn òyìnbó ni. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016 fi ibi méjì wéra. Ní erékùṣù Martinique, níbi tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti jẹ́ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, bí èèyàn 10 nínú 100,000 ló ní i. Ní Olmsted County ní Amẹ́ríkà, tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ sí, bí 4 ni. Nílé níhìn-ín, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn UCH Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1970. Ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀.

Ibi tó ti kan ṣọ́ọ̀ṣì gan-an nìyí. NMO máa ń wá, á rọlẹ̀, á tún padà. Lẹ́yìn ìkọlù àkọ́kọ́, pàápàá bí wọ́n bá tètè gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ojú lè là díẹ̀, ẹsẹ̀ lè gbéra. Arábìnrin á wá jẹ́rìí, a ó lu ìlù, a ó jó. Ó dára bẹ́ẹ̀, ògo Ọlọ́run ni. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá sọ fún un pé oògùn tó ṣì ń lò, àìnígbàgbọ́ ni. Á da á nù. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, àìsàn tún dé. Ìkọlù kọ̀ọ̀kan ló ń mú nǹkan lọ, kì í sì í sábà dá gbogbo rẹ̀ padà. Ojú kejì á fọ́. Ẹsẹ̀ tó jó níwájú pẹpẹ kò ní lè rìn mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á wá máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló mú kó pàdánù ìwòsàn rẹ̀. Ẹ̀yin ará, irọ́ ni! Ìṣe àìsàn náà ni kó padà. Bí a bá ń wá ẹ̀ṣẹ̀, ká lọ wò ó lọ́wọ́ ẹni tó ní kó da oògùn nù.

Ṣé oògùn tó lè mú kó má padà wà? Ó wà, wọ́n sì ti dán an wò. Ẹ rántí Dáníẹ́lì. Nígbà tí kò fẹ́ jẹ oúnjẹ ọba, kò pariwo. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ àti omi dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n wá fi ojú àwọn wé ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọba. Ẹgbẹ́ méjì, iye ọjọ́ kan náà, ká wá wo èsì. Bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò títí dòní nìyẹn.

Antibody náà ni àwọn oògùn tuntun yìí, àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe láti lọ dá àwọn ọmọ ogun tó ṣìnà lọ́wọ́ kọ́. Nínú ìdánwò eculizumab tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019, 143 ni àwọn tó wà níbẹ̀. Nínú 96 tó gba oògùn náà, àwọn 3 péré ni àìsàn padà sí. Nínú 47 tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, ó padà sí 20, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń lo oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kan náà ni èsì inebilizumab jáde: 21 nínú 174 ló padà sí, nígbà tó jẹ́ 22 nínú 56 tí kò gba oògùn. Ní Japan, wọ́n fi rituximab, oògùn àtijọ́ tí wọ́n ń fi tọ́jú irú jẹjẹrẹ kan, dán èèyàn 38 wò. Nínú 19 tó gbà á, kò padà sí ẹnì kankan. Nínú 19 yòókù, ó padà sí 7.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, ṣé kí wọ́n wá máa fi ara wa kọ́ṣẹ́ ni?" A kò bá a wí. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ní Kano lọ́dún 1996, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lọ́rùnlọ́rùn. Ọmọ bíi 200 ni, 11 kú. Àwọn òbí ní wọn kò ṣàlàyé fún àwọn, ilé-iṣẹ́ náà ní àìsàn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Lọ́dún 2009, wọ́n bá ìjọba Kano parí ọ̀rọ̀ lórí 75 mílíọ̀nù dọ́là.

Èrò tiwa ni pé kí ìbẹ̀rù yẹn kọ́ wa ní ìbéèrè, kó má kọ́ wa ní sísá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé wọ́n ṣàlàyé fún un tó sì fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá pe ọmọ ìjọ wa sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kó béèrè: Ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí i? Ṣé mo lè kúrò nígbàkigbà? Bó bá ṣe mí ní jàǹbá, ta ló máa tọ́jú mi? Tí ẹ bá ṣe tán, ṣé màá ṣì máa rí oògùn náà gbà?

Ohun kan sì wà tí a ó sọ láìfi bò. Ní báyìí tá a ti mọ oògùn tó ń ṣiṣẹ́, kò tọ́ kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní omi lásán nínú àìsàn tó lè fọ́ ojú lọ́jọ́ kan. Ó sì ṣeé yẹra fún. Nígbà tí wọ́n dán ravulizumab wò, gbogbo èèyàn 58 ló gba oògùn, wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí kò gba oògùn nínú ìdánwò eculizumab àtijọ́. Kò padà sí ìkankan nínú wọn.

Kí ló dé tí a fi fẹ́ kí wọ́n ṣe é nílé? Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ìdánwò eculizumab àti inebilizumab. Bẹ́ẹ̀, ewu tiwa yàtọ̀. Eculizumab máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn lọ́rùnlọ́rùn, a sì mọ bí àrùn yẹn ṣe ń jà lókè Ọya. Rituximab lè jí àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B tó sùn sínú ara, àrùn yẹn sì pọ̀ láàárín wa. Ta ló máa wọn ewu wa fún wa tí a kò bá sí níbẹ̀?

Owó náà ń kọ́? Ní Amẹ́ríkà, eculizumab ọdún kan lé ní 400,000 dọ́là. Kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti orí rituximab tó rọjú jù ú lọ. Kí NHIA fi àyẹ̀wò antibody àti oògùn yìí sínú ohun tó ń san owó rẹ̀. Kí wọ́n ran àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi OAUTHC wa níhìn-ín ní Ifẹ̀ àti UCH lọ́wọ́ láti ṣe ìwádìí tiwa lórí àwọn èèyàn wa.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò le. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣú lójijì tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, ẹ gbàdúrà fún un nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má dá a dúró síbi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, torí ìtọ́jú tó yá ló ń gba ojú là. Bó bá jẹ́rìí, ẹ bá a yọ̀, kẹ́ ẹ sì bi í pé ọjọ́ wo ló tún fẹ́ lọ rí dókítà. Ọlọ́run ti ṣèlérí fún Hesekáyà pé òun máa wò ó sàn, síbẹ̀ wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n gbé ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo rẹ̀. Ìlérí ti dé, wọ́n ṣì lo oògùn. Àti ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹgbẹ́ wa, ẹ má jẹ́ ká gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn tí kì í ṣe àwa ló máa gbé e wọ balùwẹ̀ lọ́la.

Ojú tí Ọlọ́run fún yín, kò ní fọ́. Ẹsẹ̀ yín kò ní kú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ mọ̀ pé ara rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Àlàáfíà o.