Ilé Là Ń Wò: Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Àwọn àgbà wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní òde òní, ojú fèrèsé ará ìta ni ọ̀pọ̀ òbí ń yọjú sí. Àwọn ọmọbìnrin ń jẹ́ Summer, Autumn, April àti Daisy láàárín wa. Àwọn tí ó sì ń sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn ìjòyè, àti, ó ṣe ni láàánú, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ wa.

Summer ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìgbà tí oòrùn ilẹ̀ wọn mú jù lọ, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin ará, kí ni à ń rí ní Ìbàdàn ní oṣù keje? Òjò ni, àti ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà, àti àgbàdo tuntun lọ́jà. Autumn ni ìgbà tí ewé igi wọn ń pọ́n, tí ó sì ń rẹ̀ dànù kí òtútù tó dé. Àwa kò ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni Ọlọ́run fi fún wa, pẹ̀lú ọyẹ́ tí ń la ètè ẹni. Ọmọ tí a bí sínú òjò, tí a wá sọ ní Summer, irọ́ ni baba rẹ̀ kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwa kò mọ bí a ti ń fi ìgbà sọ ọmọ lórúkọ. Ejí ni òjò. Ọmọ tí ó bá òjò dé ni Béjídé. Èyí tí a bí lójú ọ̀nà ni Abíọ́nà. Èyí tí ó bá ọdún pàdé ni Abíọ́dún. Èyí tí ó ti òkè òkun bọ̀ ni Tòkunbọ̀. Omi wà nínú Omítóògùn. Ẹfun, tí a ń wà nínú ilẹ̀, wà nínú orúkọ Ẹfúnṣetán Ìyálóde Ìbàdàn, ó sì wà nínú ti Ẹfúnróyè Tinúbú Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ẹ kíyè sí i pé odidi ọ̀rọ̀ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí: wọ́n ń jẹ́rìí ọjọ́ ìbí, tàbí ti ìdílé. Nítorí náà, kò tó kí a túmọ̀ Rose sí Òdòdó, kí a sì wí pé a ti padà sílé. Òdòdó kò sọ ohunkóhun nípa ilé tí a bí ọmọ náà sí.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé orúkọ Kristẹni ni wọ́n ń wá, pé ti òrìṣà ni omi àti ẹfun. Àwa tí a wọ aṣọ àlùfáà kò ní sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni Flora? Òrìṣà òdòdó àwọn ará Róòmù ni. Ta ni Iris? Òrìṣà òṣùmàrè àwọn ará Gíríìkì ni. Diana ńkọ́, ẹni tí àwọn ará Éfésù ń ké orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dìde sí Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19? Ẹni tí ó gé Ọ̀ṣun kúrò nínú orúkọ ìdílé rẹ̀, tí ó sì sọ ọmọ rẹ̀ ní Diana, òrìṣà ta ni ó kọ̀ sílẹ̀? Ti baba rẹ̀ nìkan ni.

Ẹ wo Bíbélì fúnra rẹ̀. Ní èdè Hébérù, kòkòrò oyin ni Dèbórà, igi ọ̀pẹ ni Támárì, abo àgùntàn ni Rákélì. Oko ara wọn àti agbo ẹran ara wọn ni àwọn Hébérù wò, èdè ara wọn ni wọ́n sì fi sọ ọmọ. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà tí à ń tọ́ka sí kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Ní ọdún 1894 ni David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Baptist, ju orúkọ náà sílẹ̀, tí ó di Mojola Agbebi. Kò sì torí èyí fi ìwàásù sílẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1900, ti ń jẹ́ Frances Abigail rí. Lẹ́yìn tí ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi orúkọ méjèèjì sílẹ̀, Fúnmiláyọ̀ sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ̀yin ìjòyè, bí a bá pè yín síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ béèrè ìtumọ̀ orúkọ kí ẹ tó fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀yin àlùfáà, bí òbí bá gbé Béjídé wá síbi omi ìrìbọmi, ẹ má ṣe bi í ní orúkọ mìíràn. Ẹ̀yin olùkọ́, orúkọ tí ìyá àgbà ń pe ọmọ nílé ni kí ẹ kọ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí a bá fi ìjánu náà lé àjèjì lọ́wọ́, ibi tí ó bá wù ú ni yóò fà á lọ.