Ẹ Má Yan Koríko Kí Ẹ Tó Wọ̀n Ọ́n

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń sin màlúù, àti ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ funfun ní yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ní 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní kí dída ẹran jẹ̀ kiri dópin. Láti ìgbà náà ni sáílẹ́ẹ̀jì, koríko tútù tí a kì pamọ́ kó kan fún ẹran, ti di ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn ọ̀dọ́ ń gé àgbàdo àti eésún wẹ́wẹ́, wọ́n ń kì í mọ́ inú ihò tàbí àgbá, wọ́n ń fi ọ̀rá bò ó kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìwé èsì àyẹ̀wò sáílẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń gbé kiri ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹni tó bá ti súnmọ́ ìkòkò ògì rí mọ òórùn kíkan. Bí ògì ṣe ń kan ni sáílẹ́ẹ̀jì ń kan. Ásíìdì tó ń mú wàrà kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú fínígà wà níbẹ̀, ọtí díẹ̀ wà níbẹ̀, amóníà náà sì wà. Màlúù ń jẹ gbogbo rẹ̀, ó sì ń rí agbára fà yọ nínú púpọ̀ nínú wọn. Àmọ́ bí ẹ bá tì í sínú óófùn ní 100°C tàbí 105°C láti mọ iye ohun gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀, omi fò lọ, ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí sì bá a fò lọ. Òṣùwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀. Ohunkóhun tó bá ti dín, omi ló ń pè é.

Ká ní kìlógíráàmù kan sáílẹ́ẹ̀jì ní gíráàmù 300 ohun gbígbẹ nínú, tí ooru sì gbé 20 lọ níbẹ̀. Ìwé á kọ 280. Màlúù tó yẹ kó jẹ kìlógíráàmù 9 ohun gbígbẹ lóòjọ́ nílò kìlógíráàmù 30 tútù, ṣùgbọ́n ìwé yín á ní kí a bù ju 32 lọ fún un. Ẹ fi màlúù 50 ṣírò ó: àlékún náà ju kìlógíráàmù 100 lọ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ta sáílẹ́ẹ̀jì náà kò ní bọ́, nítorí wọn á ní omi ló pọ̀ nínú ọjà rẹ̀.

Ibi tí ó burú sí jù kò tíì dé. Bí ooru bá ti ju 60°C lọ, ṣúgà àti púrótéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, bí èèpo búrẹ́dì ṣe ń pọ́n nínú ààrò. Louis-Camille Maillard, ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912. Ohun tó lẹ̀ mọ́ra yìí á wá fara hàn nínú àyẹ̀wò bí igi líle tí kò lè dà nínú ẹran. Koríko kì í ṣe igi rárá. Óófùn ló sọ ọ́ di igi.

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, mo gbé óófùn sókè kí iṣẹ́ lè tètè tán. Sáílẹ́ẹ̀jì jáde bíi tábà. Mo lọ̀ ọ́, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ èsì, mo sì buwọ́ lù ú.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n wá sáré lọ sá a sórí páànù. Èlùbọ́ kọ́ nìyẹn! Bó ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí a kò fojú rí ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, oòrùn sì ń ba èròjà aláwọ̀ òféefèé tó ń di fítámì A jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di yìnyín kó tó fa omi rẹ̀ jáde ló dáàbò bo púrótéènì jù, àmọ́ ó wọ́n, ásíìdì fínígà àti ọtí sì ń bá ibẹ̀ lọ náà.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi 55°C sí 60°C gbẹ ẹ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, títí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Ásíìdì àti amóníà, inú sáílẹ́ẹ̀jì tútù ni kí ẹ ti wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì dá wọn padà sínú ìṣirò. Ẹ kọ ooru tí ẹ lò sórí èsì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: “Báwo lẹ ṣe mú un gbẹ?” Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ gba sáílẹ́ẹ̀jì yín padà, kí ẹ sì fi ìwé náà sílẹ̀ fún wọn.