Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa fi wo ọ̀ràn ìwé àṣẹ ìwakọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní láísẹ́ǹsì. Bí ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé ìwé yìí, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a wá ẹni tí yóò bá wa bẹ ọ̀gá. Èrò tèmi yàtọ̀ sí èyí.

Ní ọdún 1968, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 5 kan gun kẹ̀kẹ́ kọlu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àlùfáà kan tí ń jẹ́ Bell. Àlùfáà yìí kò ní ìwé adójútòfò. Àwọn òbí ọmọ náà béèrè 5,000 dọ́là. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìpínlẹ̀ náà, àfi kí Bell fi ìdúró owó náà sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Bell ní òun kò jẹ̀bi. Wọ́n ní àwọn kò ní gbọ́ ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àgbègbè ìgbèríko 3 ni ó ń fi ọkọ̀ yí ká láti ṣiṣẹ́ Olúwa.

Ó gbé ẹjọ́ náà títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ní 1971, àwọn adájọ́ ibẹ̀ wí pé ìwé ìwakọ̀ lè di ohun tí ènìyàn fi ń jẹun. Ìjọba kò gbọdọ̀ gbà á láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi jẹ́ ti awakọ̀. Kí ni èyí bí kò ṣe òwe àwọn baba wa? Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà fún wa ní ẹ̀tọ́ pé kí a gbọ́ tẹnu ẹni.

Ẹ wá wo orúkọ tí a fún irú ẹjọ́ yìí: kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Odidi gbólóhùn ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ ń wí pé "ẹ ṣàánú mi". Ẹni tí ó pè é lè gbọ́, ó sì lè kọ̀. Ẹni tí ó pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń wí pé ìdájọ́ náà kò tọ́, ó sì di dandan kí a dá a lóhùn.

N kò wí pé kí a fi ọ̀mùtí sílẹ̀ lójú pópó. Kí a gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣeré, ṣùgbọ́n kí a gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé bá yín, ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fèsì, kí ẹ sì kọ èsì yín sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ dára láàárín ẹbí. Níwájú òfin, ẹjọ́ ni à ń rò.