Kì í ṣe framework ló ń kọ áàpù

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù lágbègbè wa, láti Sakété dé Pobè títí wọ Issaba: pé ẹni tí kò bá fi framework bẹ̀rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Irọ́ ni. Mo sì ń kọ̀wé yìí nítorí pé irọ́ náà ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá wa.

Kí ni framework? Kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ni, tí wọ́n ti pinnu ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò wà. Àyè tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ni tiyín. N kò ní kò wúlò. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Kansas ni wọ́n ti kọ framework Django kí wọ́n tó fi í síta lọ́dún 2005, nítorí iṣẹ́ oníròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń lò ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí olè ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ áàpù ilé ìfowópamọ́ lẹ fẹ́ kọ, ẹ lò ó.

Ṣùgbọ́n ta là ń kọ áàpù fún níbí? Epo pupa ni òwò wa. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè láti 1922. Ká ní obìnrin kan ń ra epo pupa ní Issaba. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ta ló gbé epo wá, bídọ́ọ̀nù mélòó, èló ló kù tí òun máa san. Ojú ìwé kan pẹ̀lú JavaScript díẹ̀ ti tó. Ọmọ wa á wá lọ kó React, tí wọ́n ń pè ní framework, àti gbogbo ẹrù tó ń tẹ̀ lé e dé. Fóònù ìyá á máa gbóná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa fà, mẹ́gà á máa jó. Ẹ rántí ọdún 2018, nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní ká máa san fráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tá a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo ta, wọ́n sì fagi lé e kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Irú owó bẹ́ẹ̀ náà ni akọ áàpù ń bù lé ìyá tí kò bi í lórí.

Wọ́n á ní framework ń dín iṣẹ́ kù. Ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọdún 2010 ni Google gbé framework AngularJS jáde. Ní 2016, Angular tuntun dé, kò bá ti àtijọ́ mu, ẹni tó fẹ́ bá wọn lọ ní láti tún kóòdù rẹ̀ kọ. Nígbà tí 2021 parí, Google ṣíwọ́ títọ́jú ti àtijọ́. Àwọn àgbà ti sọ nípa ṣòkòtò àgbàbọ̀: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ààbò tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ní 2017, inú ihò kan lára framework Struts ni àwọn olè gbà wọ iléeṣẹ́ Equifax ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 ènìyàn. Àtúnṣe ihò náà ti jáde lóṣù kẹta. Iléeṣẹ́ náà ò fi sí i.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́kọ́ fi HTML lásán kọ ojú ìwé náà. Ẹ gbé e lọ fún ìyá lọ́jọ́ ọjà, kó ṣí i lórí fóònù tirẹ̀, kẹ́ ẹ dúró tì í. Ohun tó bá ní ó kù, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá framework fún.