Bí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Gbóná Jù, Ta Ni Yóò San Án?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, awakọ̀ inú yín mọ ohun tó ń mú kí mọ́tò gbóná jù. Omi rédíétọ̀ ti tán, tàbí bẹ́líìtì fáànù ti já. Ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi kò ní rédíétọ̀ ní tirẹ̀. Odò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni rédíétọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ará Ẹdẹ. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ́dọ̀ wa, adágún omi Erinlẹ̀ kò jìnnà, ọmọ wa sì lè wà lórí ọ̀sà l'Ékòó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìwé tí wọ́n máa ń gbé síwájú awakọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jóná: "Ìwọ lo bà á jẹ́, fọwọ́ sí i pé a ó máa yọ ọ́ nínú owó rẹ." Mo lòdì sí i, mo sì fẹ́ kí a mọ ẹ̀rọ náà kí a tó bá wọn jiyàn.

Ihò kan wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí omi ń gbà wọlé. Rọ́bà kékeré kan tó ní apá bíi ti fáànù, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní impeller, ló ń ti omi náà gòkè. Lẹ́yìn tí omi bá ti tu ẹ́ńjìnnì lára, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa tú jáde lẹ́yìn bí ẹni pé ọmọdé ń tọ̀. Ìtọ̀ yẹn ni kí awakọ̀ máa wò. Bí ó bá dá, tàbí tó di ooru gbígbóná, kí ó dín eré kù, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè wò. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà lè ti dí ihò náà, tàbí koríko. Koríko olódòdó tó ń bo ọ̀sà Èkó nì, láti ìhà ilẹ̀ Benin ló ti gba Bàdágírì wọlé ní 1984, a kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ihò ìsàlẹ̀ bá mọ́, ẹ fi wáyà tín-ínrín gún ihò ìtọ̀, nítorí iyanrìn lè dí i. Bí omi kò bá tún jáde, ẹ fura sí rọ́bà. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ a máa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti fi han oníbàárà pé ó ń ṣiṣẹ́, kò ní í pẹ́ tí yóò fi ba rọ́bà jẹ́. Bí omi bá ń tú dáadáa tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná síbẹ̀, ẹ wo thermostat, tàbí iyọ̀ tó dì sínú ọ̀nà omi. Níbi tí omi òkun bá ń wọ ọ̀sà, omi tí kò níyọ̀ ni kí a fi fọ inú ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́.

Nínú gbogbo èyí, èwo ni ti awakọ̀? Kí ó máa wo ìtọ̀, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì lásìkò. Ẹni tó rí i pé omi dá tó ṣì ń sáré nítorí owó èrò, n kò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n rírà rọ́bà tuntun kí ògbólógbòó tó ya, iṣẹ́ olówó ọkọ̀ ni. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ wọn a máa sún un síwájú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín ọ̀sà nírọ̀lẹ́ tí ìgbì ń dìde, olówó ọkọ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tó wà nídìí ẹ̀rọ àti ẹ̀yin awakọ̀ ilé-iṣẹ́, Òfin Iṣẹ́ ti 1974, ìpín 5, ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí tó ṣàìbìkítà, ọ̀gá lébà ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé, iye tí wọn yóò yọ sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Ìlànà yìí kan náà ni mo ní kí a gbé síwájú àwọn olówó ọkọ̀ ojú omi.

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé kankan títí wọn yóò fi tú ẹ́ńjìnnì náà níṣojú òun àti aṣojú ẹgbẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n pààrọ̀ rọ́bà gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì mú ríṣíìtì rẹ̀ wá.